Máàpù Tí Mo Ní Ikán Ti Jẹ

Òkè-Àgbò,
Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Oríolúwa, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ láti òkèèrè. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le, pé òtútù Sydney kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan, àti pé àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú níbi iṣẹ́ kò yọ ọ́ lẹ́nu jù. Tí o bá fẹ́ gbọ́ tèmi, mo wà bí mo ṣe wà. Bàbá mi náà wà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ṣì ń wọ́ nílẹ̀ láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò rọ rárá. Lánàá ni wọ́n tún bèèrè bóyá ìwọ ọmọbìnrin tó jẹ gbogbo ẹja wọn tán n'Ìwópin ti lọ́kọ.

Mo mọ̀ pé ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé mo ń kọ lẹ́tà láyé fóònù yìí. Inú súútánà tuntun tí màmá yín ní kí n rán fún ọ ni màá fi í sí, Akóredé àbúrò rẹ tó ń bọ̀ ní Sydney á sì gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Tí mo bá pè ọ́, mo mọ ara mi, àwàdà ni màá fi bẹ̀rẹ̀, a ó jọ rẹ́rìn-ín, irọ́ náà á sì wà níbi tó wà. Bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni mo pè é. Jọ̀ọ́, wá ibì kan jókòó sí kí o tó ka ìyókù.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí inú ti kọ́kọ́ bí mi. Nínú oṣù Keje, mo ń lọ súútánà Olùṣọ́ ìjọ wa lọ́wọ́ nígbà tí mo ṣí fóònù, tí mo rí fọ́tò tí o gbé sórí sítétọ́ọ̀sì rẹ. Ìwọ àti Favour lẹ wà níbẹ̀, ọmọbìnrin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ́ ìwé sórí tábìlì, ẹ ń rẹ́rìn-ín, o wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé nínú oṣù Kẹwàá ẹ máa fi ọjọ́ mẹ́wàá wakọ̀ láti Sydney dé Melbourne, etí òkun lẹ ó gbà délẹ̀. Mo wo fọ́tò yẹn títí áyọ́ọ̀nù fi jó èjìká súútánà Olùṣọ́ já. Mi ò ní bomi là á fún ọ: mo jowú. Èmi tí mi ò lọ́kọ, ṣe ni mo ṣe bí ẹni tí wọ́n gba ọkọ ẹ̀. Àwọn àgbà ní "òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin" kò dénú, mo máa ń rò pé àwọn ìyàwó ilé nìkan lọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí.

Ṣé o ti gbàgbé ẹni tó ni ìrìnàjò yẹn ni? Ọdún tá a fẹ́ jáde ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, tí àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, tá a fi oṣù mẹ́fà wo ara wa lójú nínú yàrá, ta ló kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ọ̀nà inú kàlẹ́ńdà ara ògiri wa wà? Èmi ni. Ọ̀nà náà wọ́ gba etí àpáta, òkun wà lápá kan, koríko tútù wà lápá kejì. Ìwọ lo lọ wá a ní káfè, tí o sáré wá sọ fún mi pé Australia ni. Bébà ńlá tí bàbá mi kó bọ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bébà n'Ìwópin la tẹ́ sílẹ̀, tá a ya ọ̀nà náà sí i. Tépù tí mo fi ń wọn aṣọ la fi wọ̀n ọ́n, íǹṣì kan fún ogójì kìlómítà. A kọ Kiama síbẹ̀, a kọ Narooma. Nígbà tá a dé àárín ọ̀nà, ìwọ lo pariwo, torí o rí ìlú kan létí omi tó ń jẹ́ Édẹ́nì.

Ìwọ náà mọ ohun tá a sọ lọ́jọ́ yẹn. A ní tá a bá dé Édẹ́nì, a ó wọ súútánà wa, a ó bọ́ bàtà bí a ṣe ń bọ́ ọ kí a tó wọ ilé àdúrà, a ó wọ inú òkun dé orúnkún, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a ó sì máa wo ẹja àbùùbùtán bó ṣe ń kọjá. Èmi àti ìwọ. A kò dárúkọ ẹnì kẹta.

A tiẹ̀ ti dán an wò nílé. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀bù bàbá mi la gbé láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Ìwópin, tá a tún gba ẹ̀bá ọ̀sà lọ sí Mákùn-Omi. Ìwọ lo mú máàpù lọ́wọ́, máàpù Australia o, lójú ọ̀nà Mákùn, o ń sọ fún mi pé kí n yà sọ́tùn-ún. Omi ọkọ̀ gbẹ lẹ́ẹ̀mẹta. A fi ẹja yíyan mu gaàrí lórí igi tó wó sétí omi, o wá sọ pé, "Ànú, tí mo bá dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ, màá dúró dè ọ́." Mi ò gbàgbé.

Ìwọ lo dé ibẹ̀ ṣáájú. Ọjọ́ kan náà la kọ̀wé béèrè físà, tìẹ jáde, tèmi bọ́. Kí n tó tún ìwé míì kọ, àrùn kọlu bàbá mi. Mo sìn ọ́ dé pápákọ̀ òfuurufú, èmi ni mo ya aṣọ pupa tí mo so mọ́ àpótí rẹ kí o lè dá a mọ̀. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, mi ò jowú rẹ lọ́jọ́ yẹn. Ó dùn mọ́ mi nínú, torí mo gbà pé o ń lọ dúró dè mí ni.

Lẹ́yìn fọ́tò yẹn ni o wá kọ̀wé sí mi: "Ànú mi, ṣé máàpù wa ṣì wà? Bá mi ya fọ́tò rẹ̀, Favour fẹ́ rí i." Ká ní o dúró síbi "bá mi ya fọ́tò rẹ̀" ni, ǹ bá yà á lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n Favour fẹ́ rí i. Mo dá ọ lóhùn pé ikán ti jẹ ẹ́. Oríolúwa, ikán kankan kò jẹ ẹ́. Abẹ́ ìbùsùn mi ló wà nínú ọ̀rá. Bí mo ṣe fi èsì ránṣẹ́ tán báyìí ni mo fà á yọ, tí mo jókòó tì í.

Irọ́ kékeré nìyẹn. Èyí tó le ń bọ̀. Ìwọ náà mọ àṣà wa nínú ìjọ aláṣọ funfun: a kì í rin ìrìn tó jìn láìkọ orúkọ wa, ọjọ́ wa, àti ọ̀nà tá a máa gbà sórí ìwé, kí wọ́n gbé e síwájú pẹpẹ pẹ̀lú àbẹ́là, kí aríran sì wò ó. Èmi lo fi tìẹ rán pé kí n gbé e fún Màmá Sarah, aríran wa. O kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, mo sì dà á kọ sórí ìwé: ibi tẹ́ ẹ máa sùn, ibi tẹ́ ẹ ti máa ra epo, ẹni tó máa wakọ̀. O kọ ọ́ pé Favour ló máa wakọ̀ títí dé Édẹ́nì. Ibẹ̀ ni nǹkan ti já nínú mi. Mo ká ìwé náà, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo sọ fún ọ pé Màmá Sarah rí ọkọ̀ kan nínú omi, pé ọkàn ẹni tó ń wà á kò mọ́ sí ọ, àti pé kí o má bá ẹni tí o kò mọ ìyá rẹ̀ rin ọ̀nà òkun. Orí ara mi ni mo ti hun ún. Màmá Sarah kò tilẹ̀ gbọ́ pé o fẹ́ rin ibì kankan.

Ẹlòmíràn ì bá fi rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọmọ ìjọ ni ọ́, mo sì mọ̀ pé wàá gbà á. O gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. O sọ fún Favour pé o kò lọ mọ́, ó sunkún, ó bèèrè ohun tí òun ṣe. O wá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé, "Ànú, ìwọ ni Ọlọ́run lò láti yọ mí lọ́wọ́ ikú." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbọ́ ohùn yẹn. Mi ò ní purọ́ mọ́, ìgbà àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi débi pé mo se ìkọ́kọrẹ́, mo sì jẹ àwo méjì. Nígbà tó fi máa di ìgbà kẹrin, ẹnu mi ti korò.

Lánàá lẹ́yìn ìsìn, mo mú ìwé náà jáde, mo gbé e lọ bá Màmá Sarah. Wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n ní, "Ọ̀nà là. Ìrìn ayọ̀ ni. Ṣé ìwọ náà wà lára àwọn tó ń lọ ni?" Mo wólẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọn kò pariwo mọ́ mi. Wọ́n ní kí n má wọ súútánà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi tí mò ń rán an fún gbogbo ìjọ, kí n sì fi ọwọ́ ara mi kọ òtítọ́ sí ẹni tí mo fi ẹnu mi purọ́ fún.

Torí náà, lọ. O kò tíì dá ìsinmi rẹ padà, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bẹ Favour, sọ fún un pé ẹnì kan n'Ìjẹ̀bú-Igbó tó ń jẹ́ Ànúolúwa ló bà á jẹ́, má fi iyọ̀ sí i. Jẹ́ kó wakọ̀. Má bi mí bóyá mo ṣì ń jowú, torí mo ṣì ń jowú o. Tí mo bá ní ó ti tán, irọ́ kẹta nìyẹn. Mò ń rò ó pé bóyá Favour máa ń hanrun, inú mi sì ń dùn díẹ̀. Tí ẹ bá ń ya fọ́tò, má kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Máa fi wọ́n ránṣẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ọkàn mi lè gbà á.

Dárí jì mí. Tí kò bá tíì yá, fi sílẹ̀ kó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n má fi mí sílẹ̀. Kí Ọlọ́run tó rán Màmá Sarah ní òtítọ́ ṣáájú yín lọ. Kí ẹsẹ̀ yín má kọ, kí táyà yín má bẹ́, kí òkun rí yín kó sinmi. Bí ẹ ṣe lọ ní méjì, bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe dé Melbourne ní méjì, ẹ ó sì padà sílé láyọ̀. Bàbá mi ní kí n sọ pé ẹja ṣì wà n'Ìwópin.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti Àgọ́-Ìwòyè, ẹni tó ṣẹ̀ ọ́, tó sì fẹ́ràn rẹ,

Ànúolúwa

Mo tún rántí: yí ìwé yìí padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé sí ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Máàpù wa nìyẹn, ó ti di tìẹ, fi han Favour. Ihò tó wà láàárín rẹ̀, tí mò ń kọ̀wé yí ká, Édẹ́nì ló wà níbẹ̀. Àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé aṣọ ni mo fi gé e, ó wà lọ́dọ̀ mi. Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà míì kò sí. Ẹ ra epo níbẹ̀, ẹ jẹun, ẹ wo ẹja àbùùbùtán dáadáa. Ṣùgbọ́n, Oríolúwa, jọ̀ọ́, má bọ́ bàtà rẹ.