Ẹ̀wù Òtútù Tó Ń Mú Búrẹ́dì Wú

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa ni o jí, ṣé iṣẹ́ kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Gbogbo wa ń bẹ níbí. Kí Ọlọ́run má mú ohùn rẹ jìnnà sí etí mi. Ààrò búrẹ́dì mi ṣì ń gbóná, àfi ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ń mì bí eyín arúgbó.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ obìnrin ni mo fi mú bírò. Tíṣà sáyẹ́ǹsì wọn ní kí kálukú mú ohun tí yóò wádìí wá fún àfihàn ilé ìwé, pé ẹni tí kò bá rí i mú wá títí ọjọ́ Ẹtì kò ní bá wọn kópa. Èyí tí o bá a wá nínú fóònù, òkè àtọwọ́dá tó ń pọ iná, ọmọ mẹ́rin ló gbé e wá. Tíṣà dá a padà, ọmọ sunkún wálé. Nítorí náà, lọ bá ẹni tó ń ta nǹkan nínú fóònù yẹn, sọ fún un pé ìyá rẹ ní a kì í ta ẹrù kan fún oníbàárà mẹ́rin, kí ó dá owó dátà rẹ padà. Má jà o. Ṣáà dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí o máa kí i títí ojú yóò fi tì í.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ, mo ní kí àbúrò rẹ mú ohun tó mọ̀. Ó ní tíṣà ní ohun tí a kò mọ̀ ni ká mú. Mo ní irú ilé ìwé wo nìyẹn, ká san owó kí ọmọ lọ fi àìmọ̀ han àwọn òbí? Bí mo ti ń sọ ọ́ ni mo ń fi ẹ̀wù òtútù bàbá yín bo ìyẹ̀fun tí mo pò, bí mo ti ń ṣe láti ìgbà tó ti kú. Ó bi mí pé ṣé ẹ̀wù bàbá ló ń mú un wú ni, àbí aṣọ nínípọn èyíkéyìí lè ṣe é. Mo ní ẹ̀wù ni. Ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo ní n kò fi aṣọ mìíràn bò ó rí. Ló bá pariwo pé òun ti rí i!

Tíṣà gbà á. A fi ẹ̀wù bo ìdajì, a fi àpò ìyẹ̀fun tí a ṣẹ́ po bo ìdajì. Ọgbọọgba ni wọ́n wú. Mo ní àpò wo ẹ̀wù kọ́ iṣẹ́ ni. Ó ní rárá, nínípọn ni, bẹ́ẹ̀ lòun yóò sì sọ ọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Mo gbà fún un.

Fi owó páálí àti gọ́ọ̀mù àfihàn rẹ̀ ránṣẹ́, kí o bu díẹ̀ lé e fún ilẹ̀kùn ààrò. Ọwọ́ awakọ̀ ni kí o fi sí, má fi sínú fóònù, kó má lọ pín in fún ẹni mẹ́rin. Má sì ra ìbora kankan wá. Lóòótọ́ àpò lè mú búrẹ́dì wú, ṣùgbọ́n àpò kọ́ ló bí yín.

Ayé rẹ kò ní dà bí búrẹ́dì tí kò wú. Ibi tó móoru ni Ọlọ́run yóò fi ọ́ sí, kò sì ní jẹ́ kí o jóná.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Oníbúrẹ́dì