Ọmọ Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Ń Ṣáájú Ẹnu

Èmi, Ìyá Oníbúrẹ́dì, opó awakọ̀, ìyá ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin kan tí àbúrò mi fi sílẹ̀ fún mi, ni mo ní kí wọ́n kọ ìhágún yìí. Orúnkún ló ń dùn mí, orí mi pé. Kò sí ẹni tó tì mí. Agbẹjọ́rò mi ni kí ó mú un ṣẹ.

1. Ilé tí mo ń gbé di ti ọmọkùnrin mi méjèèjì: ẹ̀gbọ́n lókè, àbúrò nísàlẹ̀. Ẹ má mọ ògiri dí àtẹ̀gùn. Mo mọ̀ yín.

2. Ilé búrẹ́dì, ààrò méjèèjì àti gbogbo páànù ibẹ̀ di ti ọmọ àbúrò mi, tí ẹ sọ lórúkọ Ìjì.

Àkọ́bí mi, yóò dùn ọ́. Ìwọ lo ní kí n dá a padà sílé bàbá rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, tó ti ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, tó tún ju páànù gbígbóná lù ọ́. N kò bá ọ wí. Àpá rẹ̀ ṣì wà lápá rẹ. Ṣùgbọ́n bàbá yín kíyè sí i pé ìgbà tí ẹnìkan bá fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀ ni ìjà máa ń dé. Wọ́n wádìí dé àdúgbò tó ti wá. Lẹ́yìn ikú àbúrò mi, ebi ni ìyàwó bàbá rẹ̀ fi ń jẹ ẹ́ níyà: yóò tì í mọ́ yàrá, òórùn ọbẹ̀ yóò sì máa bá a níbẹ̀.

Bàbá yín kò wàásù. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù búrẹ́dì lé e lọ́wọ́, wọ́n ní, “Ìwọ ni kí o máa tọ́jú rẹ̀.” Wọn kò sì gbè é o: wọ́n mú un lọ bẹ àwọn òbí ọmọ tó ṣubú, wọ́n dúró tì í títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Kò san lọ́jọ́ kan. Ó tún fọ́ fèrèsé. Wọ́n ní kí ó wá bá àwọn di gíláàsì tuntun mú, wọn kò gba kọ́kọ́rọ́ padà. Ọkọ rere ni mo fẹ́.

3. Ológbò mi di ti aládùúgbò tó ń bá mi jà nítorí èéfín. Eku pọ̀ nílé rẹ̀. Ó lè má dúpẹ́.

4. Àga tí bàbá yín ń jókòó sí nígbà àìsàn wọn, kí Ìjì gbé e. Nígbà tí àìsàn wọ̀ wọ́n lórí, tí wọ́n ń gbá ẹni tó bá fún wọn lóúnjẹ létí, gbogbo wa ló sá. Ìjì jókòó. Wọ́n gbá ṣíbí dànù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú un nílẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo bi í bóyá ẹ̀rù kò bà á. Ó ní, “Màmá, Bàbá ni ẹ̀rù ń bà.” Ó dúró, kò fi ṣíbí kàn wọ́n. Nígbà tó yá, bàbá yín la ẹnu fúnra wọn.

Mo fọwọ́ sí i lónìí, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà, ọdún kẹrin tí mo di opó.

Ìyá Oníbúrẹ́dì

Àwọn ẹlẹ́rìí, tí wọn kò jogún nǹkan kan: Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ìfúnpá mi, Télọ̀ ojúlé kejì.