Ọpẹ́ Tí A Fẹ́ Gbà Padà

Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Olóbì,
Abúlé Onírókò,
Lọ́nà Ìmẹ̀sí-Ilé.
Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Alága,
Àjọ Afárá Ìgbèríko,
Àbẹ̀rẹ̀, Òṣogbo.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌBÉÈRÈ LÁTI FAGI LÉ ÌDÁHÙN WA LÓRÍ AFÁRÁ ODÒ ONÍRÓKÒ

1. A kí yín kú oríire ipò tuntun. A gbọ́ pé ogún ọdún lẹ fi jẹ́ ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ bisikíìtì l'Ékòó kí ìjọba tó pè yín. A ti jẹ bisikíìtì náà rí, ó dùn. Ṣùgbọ́n bisikíìtì tó fọ́ ṣì ṣeé jẹ. Afárá tó já kò ṣeé gbà.

2. Lóṣù tó kọjá, ẹ rán òṣìṣẹ́ méjì wá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, kí wọ́n bi wá bóyá afárá wa tẹ́ wa lọ́rùn, bí ẹ ti máa ń bi àwọn oníbàárà yín. Inú odò ni wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ wa. A fún wọn lómi, a gún iyán. Ta ni yóò wá máa ráhùn sí àlejò létí nígbà tí òkèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀? Gbogbo wa fèsì pé a dúpẹ́.

3. Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá Phebe, ni wọ́n bi kẹ́yìn. Orí ẹní ni màmá wà, ẹsẹ̀ dídì, nítorí pákó afárá yìí ló ṣẹ́ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ tòun tapẹ̀rẹ̀ obì lórí. Màmá ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àwọn òṣìṣẹ́ yín kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an."

4. Ìwé yín dé lọ́sẹ̀ tó kọjá pé afárá wa ló gba ipò kìíní, àti pé ẹ ti gbé pákó òun sìmẹ́ńtì tí ẹ fẹ́ fi tún un ṣe lọ fún abúlé mìíràn tó ráhùn. Abúlé náà kò lẹ́kọ̀ọ́ tó wa, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní afárá. Ẹ fi fìlà kan ránṣẹ́ sí wa, ẹ ní ẹ̀bùn ipò kìíní ni. Mo dé e wò, ó fún mi lórí.

5. Inú ń bí wa. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni ẹ̀yin náà, àbí bisikíìtì ti mú yín gbàgbé? Ẹni tí atẹ́gùn ṣí òrùlé rẹ̀ láàárọ̀, bí ẹ bá kí i, á ní a dúpẹ́. Ìkíni la ṣe, a kò jẹ́rìí.

6. Ìkórè obì ti dé, a kò sì ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ọpẹ́ wa padà, kí ẹ tún afárá náà ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ẹ̀yin fúnra yín wá gba orí rẹ̀ kọjá. A ó dúró lódìkejì, a ó bi yín bóyá dáadáa lẹ dé. Ohun tó bá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín, òun ni kí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù.

Ẹ ṣeun. Ẹ má kọ ìyẹn sílẹ̀.

Èmi ni tiyín lódìkejì odò,
Silas Ọdúntán,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́.