Ojú Ìyábọ̀

Turffontein, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀

Ẹjọ́ Ìyábọ̀ parí lónìí, kò sì dé iwájú adájọ́.

Kámẹ́rà tó ń dá ojú èèyàn mọ̀ ní ilé ìtajà kan ní Mayfair ló ṣì í mú fún olè kan, ni wọ́n bá fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù yòókù. Àjọ wa tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú ló gba lọ́yà fún un, torí a fẹ́ kí ilé ẹjọ́ fòfin de irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ káàkiri. Láàárọ̀ yìí ni ilé ìtajà náà ní àwọn á tọrọ àforíjì, àwọn á sì pa àwòrán náà rẹ́, bí Ìyábọ̀ bá lè jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà.

Mo ní, "Ìyábọ̀, tí a bá dúró, ìdájọ́ yìí á gba ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ó ti rẹ̀ mí. Ojú mi ni, ẹ jẹ́ kí n gbà á padà."

Ṣebí ohun tí à ń jà fún náà nìyẹn, pé kálukú ló ni ojú tirẹ̀? Mo pe lọ́yà pé kó gba ohun tí ilé ìtajà náà fi lọ̀ wá.

Ó dùn mí o. Bóyá a ó rí ẹlòmíì tó máa lè bá ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dé iwájú adájọ́.

Nígbà tí mo já a sílẹ̀ ní Bertrams, ó bọ́ ìbòmú tó fi ń bo ojú láti ìgbà tí wọ́n ti pè é lólè, ó sì ń kí àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ.