Àga Kan, Èèyàn Méjì

Ojúlé Kẹtàlá,
Basin, Ìlọrin.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹrin, 1994.

Màsúdát, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àsàlámù àléékù. Ṣé dáadáa lo wà ní Kàdúná? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Ara tiwa le níbí, àlùhámúdù.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá gbóná fún mi níbi iṣẹ́. O mọ̀ pé èmi ni mo kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ńlá wa fi ń pín àga ọkọ̀ òfuurufú fún àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà. Ní Mọ́ńdè, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Bàbá Mọ̀múdù, àti Ìyá Kùdírátù tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú, mú ìwé wọn wá. Àga kan náà ló wà nínú ìwé àwọn méjèèjì. Ìyá yìí kàn jókòó sílẹ̀. Ọ̀gá wa ní ojúsàájú ni Múdàṣírù, ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé méjì tó ń tẹ orúkọ sínú kọ̀ǹpútà, ṣe, wọ́n ní kó lọ kó ẹrù rẹ̀.

Ọkàn mi kò gbà á. Mo tún ètò náà kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn kì í dúró dìgbà tí a bá béèrè nǹkan. Ó máa ń fa àkọsílẹ̀ tó kàn sítòsí ṣáájú, kí iṣẹ́ lè yá. Ìyẹn kò burú, àṣìṣe náà kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo ní kó kọ́kọ́ wo àga, kó tó wá padà kọ orúkọ sí i. Láàárín ìgbà tí akọ̀wé kan wò ó àti ìgbà tí orúkọ wọlé, akọ̀wé kejì náà ti wò ó, òun náà sì rí i pé ó ṣófo.

Mo lọ bá ọ̀gá.

"Ẹ má lé Múdàṣírù, sà. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe náà."

Wọ́n ní kí Múdàṣírù padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n wá ní kí n lọ tún un ṣe, wọ́n sì mú ọ̀kan nínú àga tí wọ́n pa mọ́ fún àwọn ọ̀gá, wọ́n fún Ìyá Kùdírátù.

Àṣẹ kan wà nínú ẹ̀rọ náà tó ń wò tó sì ń kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ẹnikẹ́ni kò lè yọjú sáàárín. Bí ohun tó bá níbẹ̀ bá ti yàtọ̀ sí èyí tó rí tẹ́lẹ̀, kò ní kọ nǹkan kan. Òun ni mo wá lò.

Ní Àlàmísì, Múdàṣírù àti Àríyọ̀, akọ̀wé kejì, jọ tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan náà fún àga kan. Àríyọ̀ rí i gbà. Ẹ̀rọ sọ fún Múdàṣírù pé ẹlòmíràn ti mú un. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní láyé òun, wọn ò tíì fi nǹkan du òun kí inú òun dùn tó báyìí.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti màmá, kí o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ títí ayé,
Naimat.