Fèrè Tírélà Àkànjí

Òkukù

Àkànjí ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú ojú ọ̀nà. Ìyàwó rẹ ń kí ọ, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà ń béèrè rẹ. Orúnkún mi ti fúyẹ́, a sì ti fi páànù tuntun bo ilé ìdáná.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí o fọn fèrè tírélà kọjá níwájú ilé wa, tí ọ̀gá rẹ kò jẹ́ kí o dúró, Ṣẹ́gunfúnmi ọmọ rẹ gbọ́ ọ. Ó fi àga tó dì mú sílẹ̀, ó ń rìn tàgétàgé lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ìrìn rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn! Mo pariwo kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́: "Ta ló ní ọmọ yìí kò ní mọ bàbá rẹ̀?"

Ọlọ́run tó ń gbé ọ lọ yóò máa gbé ọ bọ̀. Jọ̀ọ́, tí o bá tún ń kọjá, fọn ọ́n kó pẹ́ díẹ̀. Kí ọmọ rẹ tó dé ẹnu ọ̀nà, o ti lọ.

Ìyá rẹ