Màmá, Ẹ Má Tíì Ta Ilé Ìkògòsì

Màmá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Scarborough ní Toronto níbí, níbi tí òtútù ti ń gé wa létí. Mo kí Àǹtí Bọ́lá tó ń bá yín gbé. Kí wọ́n ka lẹ́tà yìí fún yín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí wọ́n má fo ibì kankan. Mo fi í síta kí gbogbo ayé kà á, torí pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mi níbí ló wà nínú irú ọ̀rọ̀ tí a wà yìí.

Físà yín ti jáde. Bọ̀dá Káyọ̀dé ti kun yàrá yín nílé wọn ní Brampton níbí, wọ́n ti ra kóòtù fún yín. Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ ra ilé wa ní Ìkògòsì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pé ẹ ti gbà. Ọ̀rọ̀ ilé yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ rántí màmá òyìnbó tí mo ń tọ́jú. Màmá Hẹ́dì ni mo ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí wọn bí ẹ ṣe kọ́ mi. Wọ́n rò pé mo ṣubú ni! Wọ́n tẹ aago pàjáwìrì tó wà lọ́rùn wọn, kí n sì tó dìde tán, ọkọ̀ aláìsàn ti ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ti kúnlẹ̀, wọ́n á na ọwọ́ sí mi kí n dìde.

Ọmọ ìlú kékeré kan ní Jámánì ni wọ́n. Inú àfonífojì ni ìlú náà wà, igbó ńlá yí i ká, omi gbígbóná sì ń sun láti inú ilẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tí oríkèé ń dùn máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá wẹ̀, wọ́n á sì mu nínú omi náà. Wọn kì í dúró sójú kan mu ún o. Wọ́n á bu ú sínú ife, wọ́n á máa rìn jẹ́jẹ́ lábẹ́ igi, wọ́n á máa mu ún díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa kí ẹni tí wọ́n bá pàdé. Ìdí nìyí tí Màmá Hẹ́dì fi máa ń gbé ife omi gbígbóná láràárọ̀, tí wọ́n á máa rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé alájà gíga tí wọ́n ń gbé. Wọ́n á kí ẹni tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Ẹni náà á máa wo fóònù rẹ̀ kọjá.

Mo sọ fún wọn pé ní ìlú tèmi, omi gbígbóná àti omi tútù ló ń ṣàn pàdé ara wọn nínú igbó. Wọ́n ní irọ́ ni. Mo fi fọ́tò yín hàn wọ́n, èyí tí ẹ ti ki ẹsẹ̀ bọ omi. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n bi mí bóyá ẹ ṣì wà níbẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ a ti fẹ́ mú yín wá. Wọ́n dá fọ́tò padà fún mi, wọ́n sì yíjú sí fèrèsé.

Nígbà tí ọkọ wọn kú ni ọmọ wọn ọkùnrin mú wọn wá sí Toronto, tó sì ta ilé wọn. Kò fi ibi ṣe é, Màmá. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Nígbà tí yìnyín yọ́ tán lọ́dún yìí, ó gbà láti mú wọn lọ wo ìlú wọn, ó sì ní kí n bá wọn lọ.

Ha, Màmá! Bí ọkọ̀ wa ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì yẹn, tí mo rí èéfín tó ń rú lójú omi, omijé bọ́ lójú mi. Àfi bíi pé ilé ni mo dé. A dé iwájú ilé wọn àtijọ́. Àwọn ẹlòmíì ló ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì ti gé igi ápù ẹnu ọ̀nà. Màmá Hẹ́dì kàn di géètì mú. A wá lọ síbi omi, wọ́n bu tiwọn, wọ́n ń rìn. Ni ìyá arúgbó kan bá dúró lójú ọ̀nà, ó pariwo orúkọ kan tí n kò gbọ́ rí. Ọmọ wọn túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ọmọ oníbúrẹ́dì. Bàbá Màmá Hẹ́dì ló ń ṣe búrẹ́dì fún ìlú náà láyé ọjọ́un. Àwọn ìyá méjèèjì dì mọ́ra, wọ́n ń sunkún, omi ife sì dà sí wọn láṣọ.

Lọ́jọ́ tí a máa padà, Màmá Hẹ́dì ní àwọn ò lọ mọ́. Ọmọ wọn bẹ̀ wọ́n títí, ó wá bi wọ́n pé ilé ta ni wọ́n máa sùn. Wọ́n wọ kóòtù wọn. Nínú bàálù, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní ní Toronto, gbogbo èèyàn ló mọ àìsàn àwọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ọmọ ẹni tí àwọn jẹ́.

Láti ìgbà tí a ti dé, wọn ò gbé ife mọ́. Mo máa ń gbé omi kaná, á sì tutù sórí tábìlì. Nígbà míì, èmi nìkan ni mo máa ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bóyá wọ́n á tẹ̀ lé mi.

Màmá, n kò ní purọ́ fún yín. Tí ẹ bá dé, Bọ̀dá á wà ní ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ìyàwó wọn á wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ á sì máa fi Gẹ̀ẹ́sì dá yín lóhùn. Ojú fèrèsé lẹ ó máa jókòó sí nígbà òtútù. Ní Ìkògòsì, àwọn àgbà ṣì ń pè yín ní ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé orúnkún ń dùn yín, pé dókítà jìnnà sí yín. Àárò yín sì ń sọ mí gan-an. N kò mọ èyí tó dáa jù.

Mo ti bá Bọ̀dá sọ ọ́. Inú bí wọn, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí ìyá wa máa dá wà ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n bi yín. A ti ń sọ fún yín látọjọ́ yìí, Màmá. A kò bi yín rí.

Mo ń bi yín báyìí. Ṣé ó wù yín láti wá? Tó bá wù yín, èmi ni n ó pàdé yín ní pápákọ̀ òfuurufú, n ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn, kí ẹni tó bá fẹ́ pe ọkọ̀ aláìsàn. Tí kò bá wù yín, àwa la ó máa wálé. Èyí ó wù kó jẹ́, ilé làbọ̀ sinmi oko: ẹ má tíì ta á. Tí ẹni tó fẹ́ rà á bá dé, ẹ fún un lómi mu, kó máa lọ. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín, kí àwa ọmọ yín má baà bi yín lọ́jọ́ kan pé ilé ta ni ẹ máa sùn.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ilé kò ní lé yín, ọ̀nà kò ní nà yín. Ẹ bá mi kí Pásítọ̀ àti ìjọ, ẹ kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi. Tí oòrùn bá rọ̀, ẹ bá mi ki ẹsẹ̀ bọ omi.

Ọmọ yín ni mí,
Fọláṣadé, ọmọ-ọmọ alágbẹ̀dẹ.